Òkè Tó Ń Wé Gèlè

Òórùn pánla ló mú bàbá ọkọ mi wọ ilé wa ní tòótọ́. Kí wọ́n tó gbọ́ òórùn náà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí, bí àlejò tí kò dá lójú pé ilé tó ń wá ló dé. Pasadena ni wọ́n ń gbé, lẹ́bàá ipa omi tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń gbà wọ Houston, nínú ilé kékeré kan tí èéfín àwọn ilé iṣẹ́ epo kì í jẹ́ kí aṣọ funfun pẹ́ ní funfun. Iṣẹ́ ìfọpo ni wọ́n ṣe láyé wọn, lónìí iṣẹ́ ọ̀sán, lọ́la iṣẹ́ òru, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti kú kí èmi àti ọmọ wọn tó fẹ́ra, láti ìgbà náà sì ni ọ̀rọ̀ ti di ohun ọ̀wọ́n lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá pè wá lórí fóònù, wọ́n á béèrè bóyá mọ́tò wa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé fóònù sílẹ̀. Mo máa ń rò pé èmi ni wọn kò fẹ́. Ọkọ mi ní kì í ṣe èmi. Ó ní nínú ilé tí òun ti dàgbà, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń kí ara wọn káàárọ̀.

Nígbà tí mo bí ọmọkùnrin wa, màámi wá láti Ẹ̀pẹ́ láti tọ́jú èmi àti ọmọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ apẹja láti ìran dé ìran sì ni wọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí bàbá ọkọ mi fẹ́ wá wo ọmọ, màámi gbé pánla tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa kaná. Ẹ mọ pánla, ẹja gbígbẹ tó le bí igi, tí a gbọ́dọ̀ rẹ sómi kó tó gbọ́ràn. Apátímẹ́ńtì wa ní àdúgbò Brays Oaks, ní Houston, kò tóbi. Òórùn náà gba yàrá, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wá ọ̀nà àtidé orí fríwéè. Ojú tì mí. Èmi tí wọ́n fi pánla tọ́ dàgbà, mo ń sáré ṣí fèrèsé kiri, mo ń fi ìdérí ìkòkò fẹ́ atẹ́gùn, torí pé òyìnbó ń bọ̀.

Ibi tí mo ti ń fẹ́ ẹ ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n bàbá ọkọ mi kò gbọ́ mi. Wọ́n di fìlà wọn mú mọ́ àyà, wọ́n pajú dé, wọ́n fa òórùn náà símú bí ẹni tó ń fetí sí orin kan tó ti pẹ́ tó ti gbọ́ gbẹ̀yìn.

Wọ́n ní, "Bí ilé ìyá àgbà mi ṣe máa ń rùn nìyí."

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí kíṣìnnì, wọ́n dúró ti màámi, wọ́n ń wo inú ìkòkò. Màámi kò béèrè ohunkóhun. Wọ́n bu ẹja àti omi ọbẹ̀ díẹ̀ sínú abọ́, wọ́n gbé e fún àlejò, bàbá ọkọ mi sì jẹ ẹ́ ní ìdúró títí tó fi tán. Ata ń fa omi lójú wọn, wọn kò sinmi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó, tí wọ́n sọ fún wa pé láti ilẹ̀ Nọ́wè ni bàbá àgbà àwọn ti wá, àti pé bí ọdún bá ń parí lọ, ìyá àgbà àwọn máa ń ra irú ẹja yìí lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ ní èbúté Galveston, á rẹ ẹ́ sínú ọpọ́n ńlá. Ẹnu ya màámi. Wọ́n mọ̀ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń kó pánla wá, wọn kò kàn mọ̀ pé ó ní ìlú. Èmi ní tèmi kò tilẹ̀ rò ó rí pé ó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi kankan. Lójú mi, inú àpò ní ọjà Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí.

Nígbà tí ọmọ ti wà lẹ́sẹ̀ bàbá ọkọ mi, màámi ní kí n bá àwọn béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ àna àwọn. Gẹ̀ẹ́sì yé màámi, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì Texas tí bàbá ọkọ mi ń sọ máa ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹja àrọ̀, nítorí náà èmi ni ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ oríkì ni. Lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ lórúkọ, màámi ti kì í, wọ́n kì í títí wọ́n fi kan ìdílé bàbá rẹ̀, wọ́n sì dúró gbagidi, torí pé wọn kò mọ ohun tí wọn ó sọ.

Màámi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ta ni kí n máa pè é? Kí ni wọ́n ń kì wọ́n ní ilé yín?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé oríkì fún òyìnbó ará Pasadena. Mo ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń mú orí ẹni wú ni, tó ń sọ ibi tí àwọn baba ẹni ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti ohun tí ojú wọn rí. Bàbá ọkọ mi ronú títí. Wọ́n ní àwọn kò ní irú rẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò pọ̀. Bàbá àgbà wọn jẹ́ atukọ̀, ó bọ́ sílẹ̀ ní Galveston nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kò sì tún fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè àwọn èèyàn rẹ̀, á ní wọ́n ti kú tán. Bàbá tó bí bàbá ọkọ mi kò gba èyí gbọ́. Ó gbà pé ńṣe ni wọ́n lé e kúrò nílé, ohun tó sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni pé ẹni tí wọn kò fẹ́, kì í wẹ̀yìn.

Màámi mi orí. Wọ́n sọ fún mi ní Yorùbá pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ, ọmọ ọmọ àwọn kò sì ní jẹ́ odò gbígbẹ. Bí iṣẹ́ ṣe dé ọwọ́ mi nìyẹn.

Apòògùn ni mí. Mo wà ní ìsinmi ìbímọ nígbà náà, mo sì gbójú lé e pé orúkọ oògùn tí mo ń pè lójoojúmọ́ le ju orúkọ atukọ̀ kan lọ. Mo rò pé bí ọmọ bá ti sùn lọ́sàn-án, n ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, kó tó jí mo ti bá wọn dé ìlú baba wọn. Màámi padà sí Ẹ̀pẹ́, mo ṣì wà lójú kan. Ohun tó dà mí rú ni pé àwọn ará Nọ́wè ayé àtijọ́ kò ní orúkọ ìdílé bí ti òde òní. Orúkọ bàbá ni ọmọ ń fi kún tirẹ̀, ọmọ tòun náà á tún fi orúkọ tirẹ̀ kún un, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ń yí padà láti ìran dé ìran. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á wá pe orúkọ ilẹ̀ oko tí ẹni náà ń gbé mọ́ ọn, bí àwa náà ṣe ń fi agboolé dá èèyàn mọ̀. Bó bá kó lọ sí oko mìíràn, orúkọ oko tuntun ni yóò máa jẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, ẹlòmíràn mú orúkọ bàbá, ẹlòmíràn mú ti oko, akọ̀wé sì kọ ọ́ bó ṣe bọ́ sí i létí. Ti ìdílé ọkọ mi jẹ́ ti oko. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni etí omi tí à ń fa ọkọ̀ gùn sí. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí mo rí i pé gbogbo etíkun Nọ́wè ló kún fún etí omi tí wọ́n ń fa ọkọ̀ gùn sí. Orúkọ oko náà pọ̀ níbẹ̀ bí Ajégúnlẹ̀ ṣe pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá.

Ìkánjú ló fọ́ mi lójú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo rí ọ̀gá ọkọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ bá ti bàbá àgbà náà mu láìku síbì kan, tí orúkọ oko rẹ̀ náà bá a mu, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀: fìlà lórí, bọ́tìnnì títàn láyà, irùngbọ̀n tó bo gbogbo ojú. Mo wo fọ́tò náà, mo wo ọkọ mi, mo ní imú wọn jọra. Imú nìkan ló kúkú hàn. Kí ọkọ mi tó sọ pé ká ní sùúrù, mo ti pe màámi, mo ti pe bàbá ọkọ mi. Lórí fóònù láti Ẹ̀pẹ́ ni màámi ti ń ki ọmọ: ọmọ ọ̀gá omi, ọmọ ẹni tó pàṣẹ tí ìjì wolẹ̀. Mo gbé fóònù sí ọmọ létí, mo sì ń wú bí ẹni tó wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ohun tí ọ̀gá ọkọ̀ yìí ṣe fún bàbá ọkọ mi ni n kò retí. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn tẹ fọ́tò náà ní ńlá, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Brays Oaks lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n á gbé ọmọ lé itan, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ìgbòkun àti afẹ́fẹ́ fún un, ọmọ tí kò tíì yọ eyín. Èmi á wà ní kíṣìnnì, n ó máa gbọ́ tí àwọn àti ọmọ wọn ń jiyàn bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ohun tí ọkọ mi ní òun kò gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ tí ìyá òun ti kú. Mo gbà nínú ọkàn mi pé èmi ni mo ṣe é.

Bàbá ọkọ mi náà ló wá ní kí a lọ sí ilé kan ní Pasadena, níbi tí àwọn atukọ̀ ará Nọ́wè máa ń yà sí bí ọkọ̀ wọn bá gúnlẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń wa mọ́tò kọjá níwájú rẹ̀ láì wọ ibẹ̀. Obìnrin tó ń bójú tó ilé náà, ará Nọ́wè tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju tèmi lọ, fi kọfí àti àkàrà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń fi irin gbígbóná tẹ̀ ṣe wá lálejò. Nígbà tó rí fọ́tò ọ̀gá ọkọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí a kúkú kí àwọn ará ìlú ọ̀gá ọkọ̀ náà ní Nọ́wè. Ó pe tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó mọ ìtàn àdúgbò náà, ó ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́. Bàbá tíṣà náà mọ ọ̀gá ọkọ̀ wa dáadáa. Ó ní ọkùnrin náà kò gbéyàwó, kò bímọ, orí ilẹ̀ rẹ̀ ló sì kú sí. Obìnrin náà ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Mo bi í bóyá ó bí ọmọ kan síta tí wọn kò mọ̀. Bàbá tíṣà ní ìlú kékeré ni, kò sí ohun tí wọn kò mọ̀.

Bàbá ọkọ mi dúpẹ́, wọ́n dé fìlà, wọ́n lọ jókòó sínú mọ́tò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọn kò wá. Ìkejì, wọn kò wá. Bí ọkọ mi bá pè wọ́n, ọ̀rọ̀ ti padà sí bóyá mọ́tò ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi kò bínú sí mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Bàbá mi ti ṣọ̀fọ̀ ẹni tiwọn. Má tún jẹ́ kí wọ́n ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kì í ṣe tiwọn." Ó ní kí n jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀.

Mo pe màámi kí wọ́n lè ṣàánú mi. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi ń ṣe ìwọ̀n ara mi títí di òní.

"Ta ló ní kí o wá ọba fún wa? Àwọn baba tèmi, ẹja ni wọ́n pa, wọn kò joyè, a sì ń kì wọ́n. Ẹ̀rọ ni o ń bi léèrè láti ọjọ́ yìí, o ò tíì bi èèyàn. Lọ bá àna mi. Béèrè irú ẹni tí bàbá àgbà wọn jẹ́. Kí ló máa ń ṣe? Kí ló máa ń sọ?"

Mo gbé ọmọ sínú mọ́tò, mo forí lé Pasadena, ẹ̀rù ń bà mí pé wọn kò ní ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ṣí i. Ìṣó nìkan ló kù lára ògiri níbi tí ọ̀gá ọkọ̀ ti wà. Mo kúnlẹ̀ gbé ọmọ kalẹ̀, mo sì jíṣẹ́ tí màámi rán mi bí wọ́n ṣe rán an. Bàbá ọkọ mi ń wo ọmọ tó ń rá kiri lórí kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohùn wọn kéré. Wọ́n ní alásè ni bàbá àgbà àwọn nínú ọkọ̀, kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Ní Galveston náà, iṣẹ́ alásè ló ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń rùn fún àlùbọ́sà. Kì í jẹ́ kí ọmọ kankan wọ ọkọ̀ ojú omi, ì báà jẹ́ lórí adágún tí omi rẹ̀ kò kọjá orúnkún.

Ohun kan wà tó máa ń ṣe tí ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín nígbà èwe. Láràárọ̀, kó tó jáde, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbójú sókè wo ìhà kan tí kò sí ohunkóhun. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo ni, kò sí òkè, kò sí gegele. Á wá sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè rẹ̀. Bàbá ọkọ mi ti bi í léèrè rí ohun tó túmọ̀ sí, ó sì sọ fún wọn: Ìyá Arúgbó ti wé gèlè. Lọ́jọ́ mìíràn, Ìyá Arúgbó kò wé gèlè. Wọ́n rò pé ìyá àgbà wọn ló ń sọ, wọ́n á sáré lọ wo orí ìyá àgbà. Lọ́jọ́ tó bá ní ó ti wé gèlè, kò ní jẹ́ kí ọmọ kankan jìnnà sílé, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn. Bàbá wọn máa ń sọ pé orí àgbàlagbà náà kò pé.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè náà fún mi. Wọ́n sọ ọ́, wọ́n tún un sọ, mo sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sínú fóònù. Wọ́n ní àwọn kò tún fẹ́ lọ sí ilé àwọn atukọ̀ náà mọ́, bí mo bá fẹ́ kí n máa gbé e lọ. Èmi àti ọmọ la lọ. Obìnrin alábòójútó gbọ́ ohùn náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bí àwọn àgbà etíkun ìwọ̀ oòrùn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, pé ó dà bí ìgbà tí bàbá àgbà òun jí dìde. Ó pe bàbá tíṣà, ó fi ohùn náà sí i létí.

Bàbá tíṣà ní kó jẹ́ kí òun tún un gbọ́. Nígbà tó fọhùn, obìnrin náà gbá mi lápá mú kó tó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Arúgbó, ní ibi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀. Bí ìkùukùu bá yí orí òkè náà ká, wọ́n á ní ó ti wé gèlè, kò sì sí apẹja tó gbọ́dọ̀ jáde. Àwọn ilé díẹ̀ tó kọjú sí òkè yẹn nìkan ló ń sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ etí omi tí à ń fa ọkọ̀ gùn sí, ìyá àgbàlagbà kan sì ṣì ń gbé ibẹ̀.

Ní pálọ̀ bàbá ọkọ mi la ti bá ìyá náà sọ̀rọ̀, lórí kọ̀ǹpútà tí ọkọ mi gbé wá, obìnrin alábòójútó sì ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wa bí èmi náà ṣe ṣe láàárín àwọn àgbà méjèèjì. Ìyá náà ju bàbá ọkọ mi lọ lọ́jọ́ orí. Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà wa ni, ẹ̀gbọ́n tó jogún ilẹ̀. Kíṣìnnì rẹ̀ ló jókòó sí. Kó tó sọ ohunkóhun, ó yí ojú kámẹ́rà sí fèrèsé, a sì rí òkè náà, dúdú, tóbi, kò jìnnà, orí rẹ̀ mọ́ kedere.

Ó ní ọmọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n bí ní ilé náà. Èyí àárín, tí í ṣe tiwa, ni ojú rẹ̀ ríran jù, òun ni bàbá wọn fi ìwòye òkè lé lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó wo òkè, ó ní kò wé gèlè, bàbá àti àbúrò rẹ̀ sì bá a wọ ọkọ̀. Ìkùukùu dé lẹ́yìn wọn. Òun nìkan ni omi gbé sórí àpáta láàyè. Kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Ó tẹ̀lé ọkọ̀ òkèèrè kan gẹ́gẹ́ bí alásè, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n rò pé òkun ti gbé òun náà.

Mo ń wo ọwọ́ bàbá ọkọ mi lórí itan wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè.

"Ṣé wọ́n bínú sí i?"

Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá náà, ó sún mọ́ kámẹ́rà. Ó ní ìyá àwọn ọmọ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i nínú ilé náà títí ó fi kú. "Ohun tó máa ń sọ ni pé, òkè ló tan ọmọ mi jẹ, ọmọ mi kò tan ẹnikẹ́ni." Ó ní láti ìgbà náà, kò sí ìran kan tí wọn kò sọ ọmọ kan ní orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ ẹ. Ní báyìí, ọmọ ọmọ òun obìnrin ló ń jẹ́ ẹ, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà fún obìnrin. Ó ń ṣiṣẹ́ ọ̀gá nínú ọkọ̀ tó ń kó gáàsì.

Ìyá náà ní, "Ọkọ̀ rẹ̀ máa ń wá sí Houston."

Ìgbà yẹn ni bàbá ọkọ mi bo ojú wọn. Ọkọ mi dìde, ó lọ dúró ti bàbá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé wọn léjìká, wọ́n sì jẹ́ kó wà níbẹ̀. Láti orí àga tí wọ́n máa ń gbé síwájú ilé ni wọ́n ti máa ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Èèyàn wọn ti lè kọjá níwájú wọn láìmọye ìgbà.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí ọkọ̀ náà tó tún yí sí apá ibí. Bàbá ọkọ mi kò gbà kí a ṣe àlejò náà ní ilé oúnjẹ, wọn kò sì gbà kí n bá wọn se oúnjẹ. Wọ́n gbá ilé, wọ́n fọ fèrèsé, àwọn fúnra wọn wọ kíṣìnnì. Ọ̀dọ́bìnrin gíga kan ló sọ̀ kalẹ̀ láti inú mọ́tò obìnrin alábòójútó, ó ṣì wọ bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Bàbá ọkọ mi nawọ́ sí i kí wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọ̀dọ́bìnrin náà sì dì mọ́ wọn. Mo pe màámi lórí fídíò. Láàárín oúnjẹ ni wọ́n ki ọmọ wa bó ṣe yẹ: ọmọ Ìyá Arúgbó tó ń fi ìkùukùu wé gèlè, ọmọ alásè ojú omi tí kò jẹ́ kí ebi pa atukọ̀, ọmọ ẹni tó lọ tí orúkọ rẹ̀ kò kúrò nílé. Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá ọkọ mi ní kí n bẹ màámi kí wọ́n tún un kì, kí wọ́n rọra, kí àwọn lè kọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àlejò wa yíjú sí mi. Ó ní òun ti gbọ́ nípa ilé màámi ní Ẹ̀pẹ́, bàbá mi ńkọ́, níbo ni àwọn èèyàn tiwọn ti wá? Mo lanu láti dáhùn. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo dárúkọ wọn, mo dárúkọ Ìwó, ọ̀rọ̀ mi sì tán níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo bu oúnjẹ sí i fún un. Èmi tí mo mọ orúkọ òkè tó wà ní òpin ayé, tí mo mọ ẹni tó jogún ilẹ̀ ní Nọ́wè àti ẹni tí kò jogún.

Ọmọ mi ti ń lọ sí iléèwé báyìí. Bàbá ọkọ mi ló ń lọ mú un lọ́jọọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n bá sì pè wá lórí fóònù, èmi ni mo máa ń sọ pé ó tó, ẹ jẹ́ kí n dáná. Nígbà mìíràn mo máa ń ronú lórí àwọn ọ̀sán tí mo fi ń wá ọ̀gá ọkọ̀ onírùngbọ̀n kiri, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín sí ọmọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà, tó rò pé ibi gíga nìkan ni baba ẹni ti lè wá. N kò bínú sí i. Bí kò bá ṣìnà, bóyá a kì bá tí jókòó bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Àbúrò bàbá mi obìnrin kan ṣì wà láyé ní Ìwó. Mo ti ń pè wọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣí mọ́, wọ́n sì máa ń fẹ́ mọ ohun tí mo jẹ kí wọ́n tó dáhùn ohun tí mo béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń jáde, díẹ̀díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n dárúkọ ìyá tó bí bàbá mi. N kò gbọ́ orúkọ náà rí. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo pè é sókè nínú kíṣìnnì, kí n lè mọ bó ṣe rí lẹ́nu. Ọmọ mi gbọ́ ọ láti pálọ̀, ó ní, "Mọ́mì, ta nìyẹn?"

Mo ní kó wá jókòó.